Ìlà Tí Ṣíbí Fà Sí Mi Lẹ́yìn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní Peckham, nílùú òyìnbó, ni à ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iṣu àti ata rodo ní gbogbo ìkóríta níbẹ̀ lónìí, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀. Nígbà náà, bí a bá rí ọmọ Yorùbá kan lójú títì, a máa ń dúró kí i ni, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe iwin ni ìyá mi ń bẹ̀rù o, káńsù ni, àwọn ìjọba àdúgbò. Ìdílé kan wà ní Camberwell, ará ìlú wa ni wọ́n. Káńsù kó àwọn ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ òyìnbó kan ní ìgbèríko, nítorí pé àwọn òbí wọn máa ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fi máa padà dé, wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́, ìyá tó bí wọn sì ti di àlejò lójú wọn. Ìyá mi sọ ìtàn yìí fún mi títí ó fi wọ̀ mí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn wa láìpe orúkọ, a ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé.

Bàbá mi ti lọ sílé lọ sin bàbá tirẹ̀, ó sì pẹ́ lọ́hùn-ún. Ìyá mi ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà obìnrin tó ń gbé lókè wa ló ń bá a mójú tó mi. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà. Erékùṣù kan ní ilẹ̀ Philippines ló ti wá, Visaya ni wọ́n ń pe èdè wọn. Aunty Òkè ni mo ń pè é. Ó fi ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí náà ni wọ́n fi ń jẹun lọ́hùn-ún.

Ẹ̀rù òun náà ló kọ́kọ́ bà mí. Kí n tó mọ̀ ọ́n, mo máa ń gbọ́ tí nǹkan ń ha gììrì gììrì lókè orí wa, mo sì máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ mú mi gòkè ni mo rí i pé àgbọn ló ń rin. Ó jókòó sórí àpótí kékeré kan tí irin eléyín wà ní imú rẹ̀, ó ń yí èèpo àgbọn lórí irin náà. Ó ní kagod ni àwọn ń pe èyí, pé grate ni lédè òyìnbó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mi. Bí ó bá ń fọ ìkòkò, yóò ní nusnos, scrub. Bí ó bá ń fi òkúta kékeré gbo ẹsẹ̀ mi nínú omi kí ìdọ̀tí lè kúrò, lugod nìyẹn, scrub náà ni. Kí á fi òróró ra ara, haplas, rub. Kí á fi ọwọ́ pa ọmọ lórí títí yóò fi sùn, hapuhap, stroke. Kí á sì fi etí nǹkan ha ojú nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́, kagis, scrape. Ó ka òyìnbó sí ahun nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Ìkòkò, scrub! Ọmọ, scrub!" Yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ròyìn fún ìyá mi, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ fún Aunty yín pé àwa náà kì í ha ọmọ o. Ìkòkò là ń ha. Kànrìnkàn la fi ń wẹ ọmọ." Ìyá mi máa ń fi "ẹ" bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Nígbà òtútù, ikọ́ gbé mi dè. Àyà mi ń pariwo bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Aunty Òkè dá mi dojú bolẹ̀, ó fi òróró àgbọn ra ẹ̀yìn mi, ó wá mú etí ṣíbí, ó ń fà á wá sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn mi bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń ṣe fún un. Kò dùn mí rárá. Ara mi móoru, mo mí kanlẹ̀, oorun gbé mi lọ. Ní òwúrọ̀, ìyá mi ti ń sáré, ó kàn da súwẹ́tà lé mi lórí aṣọ tí mo fi sùn, kò rí ẹ̀yìn mi.

Àfi bí ó ṣe jẹ́ pé ọjọ́ eré ìdárayá ni nílé ìwé. A bọ́ aṣọ. Tíṣà mi wò mí lẹ́yìn, ó figbe ta. Àwọn ìlà tí ṣíbí fà ti wú, wọ́n sì ti ṣú, ojú pàṣán gan-an ni wọ́n jọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní ta ló nà mí. Mo ní kò sẹ́ni tó nà mí. Ó ní kí ló wá ṣe mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ Aunty Òkè ló ń yí lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n nínú èyí tí tíṣà náà lè mọ̀, scrape nìkan ló bá ohun tí ṣíbí ṣe mu, mo sì rí bí ẹ̀rù ti kún ojú rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo fa súwẹ́tà mi wọ̀.

Nígbà tí èmi àti ìyá mi délé, obìnrin òyìnbó kan ti dúró síwájú ilẹ̀kùn wa. Káńsù dé. Ó tọwọ́ bọ aṣọ mi lẹ́yìn, ó gbé e sókè, ó ní ta ló ṣe èyí. Ìyá mi wo ẹ̀yìn mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rí i tó gbé ojú sókè sí òkè ilé, ó sì yé e. "Na me, madam," ló sọ. "Èmi ni." Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ló dá ìlà sí ọmọ ọlọ́mọ lára, iṣẹ́ obìnrin yẹn ti tán, wọn yóò sì dá a padà sílé, ebi yóò pa ọmọ rẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé òyìnbó náà ti kọ́kọ́ gòkè. Aunty Òkè ti sọ fún un pé òun ni, pé ìyá ọmọ kò tilẹ̀ sí nílé. Ẹni méjì wá ń du ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo! Ní ilẹ̀ wa, àánú là bá pe ìyẹn. Lójú obìnrin náà, irọ́ ni àwọn méjèèjì jọ gbìmọ̀ pa láti fi bo ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́la, àti pé ó ṣeé ṣe kí n lọ gbé ibòmíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi wẹ̀ mí, ó wọ aṣọ Iléyá sí mi lọ́rùn. Ó ní kí ẹni yòówù tí wọ́n bá gbé mi fún lè mọ̀ pé ọmọ ẹni tó lẹ́ni ni mí. Ó ní kí n ka orúkọ bàbá mi, ti bàbá bàbá mi, àti ti agbo ilé wa. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Àkàtúnkà yẹn ló bà mí lẹ́rù ju káńsù lọ.

Obìnrin náà dé. Aunty Òkè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ike òróró àti ṣíbí, ó bẹ ìyá mi pé kó sọ òótọ́. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Òyìnbó náà wá fi ṣíbí sí i lọ́wọ́, ó ní kó ṣe é kí òun rí i. Ìyá mi di ṣíbí mú bí ẹni fẹ́ ro ọbẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa fi í sí. Àṣírí tú.

Èmi ni mo gba ṣíbí náà. N kò ní ọgbọ́n kankan lórí, ẹ̀rù ló gbé mi dìde. Mo fa apá Aunty Òkè, mo da òróró sí i. Haplas, rub. Mo fi etí ṣíbí fà á wá sílẹ̀, léraléra. Kagis, scrape. Ẹkún ni mo fi ń sọ ọ́. Ìlà náà yọ sójú apá rẹ̀, ó pọ́n, ó jọ ti ẹ̀yìn mi. Òyìnbó náà bi í bóyá ó dùn ún. Aunty Òkè mi orí pé rárá. Ìgbà náà ni òyìnbó náà tó jókòó.

Wọn kò mú mi lọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, obìnrin náà sì sún sẹ́yìn bí ẹni pé ìyá mi fẹ́ gbá a mú lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, ó ní bí wọ́n bá tún rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára mi, àwọn kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, tíṣà lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tí káńsù rán wá sì lè kí yín ní ẹ káàsán. Ẹ lọ sí títì Lordship Lane tí kò jìnnà sí Peckham, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tí àwọn òyìnbó ti ń dojú bolẹ̀, tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè fi òkúta ha wọ́n lẹ́yìn, wọn a sì ya fọ́tò ìlà náà fún gbogbo ayé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń kọjá níbẹ̀. Inú mi kì í sì í dùn.

Torí pé láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ìlà kò jẹ́ kí ìyá mi ra ẹ̀yìn mi mọ́. Bí mo bá wúkọ́, yóò gbé òróró sí ẹ̀gbẹ́ mi, yóò ní kí n fi para, yóò sì jáde nínú yàrá. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bímọ, kò yí padà. Nígbà tó kú, tí a fẹ́ wẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ní kí n wẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bu omi, mo fi ọwọ́ ra á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti èjìká dé ìbàdí. N kò mọ ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo ń wò ó bóyá ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà.