Aràn Tí Kò Ní Bàbá

Òórùn yẹn ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú, òórùn bí ògì tó ti kan jù, tó ń jáde láti inú àwọn àwo kékeré tí a ti ń sin aràn. Láàbù wa ní yunifásítì kan l'Ọ̀tà ni, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ gíga ń hù lórí gbogbo oko tó wà létí títì márosẹ̀. Aràn yẹn kì í ṣe èyí tó ń da inú ọmọdé rú. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara, tó fi jẹ́ pé téèyàn bá wò ó lábẹ́ maikirosikópù, á rí àwọn okùn iṣan tó ń jíṣẹ́ láti orí dé ìrù. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ àwọn ọmọ aràn tí okùn yẹn kò tò dáadáa, tí wọn ò lè wọ́, tí wọ́n kàn ń ká kò sójú kan. Olùkọ́ mi, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣàlàyé fún mi pé ohun tí ìyá ti kó sínú ẹyin ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ okùn náà, kí àbùdá ọmọ fúnra rẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní jíìnì, tó jí. Bí àbùdá kan bá bàjẹ́ lára ìyá, ara ìyá lè le koko, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lọ́kàn, mo sì rò pé mo ti mọ ìdí gbogbo ọmọ aráyé.

Ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá mi ni mò ń gbé nígbà yẹn, ní yàrá méjì ní Ṣàngó. Ó ń ṣe ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ kan l'Agbára. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìmàle láti inú Ọ̀tà gan-an, aránṣọ ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bí ìyàwó tilẹ̀ dàgbà ju ọmọ náà lọ, ló bá sọ mí ní Dókítà mi, nígbà tí mi ò tíì yege ọdún kejì. Òun ló rán kóòtù funfun tí mo ń wọ̀ ní láàbù, ó ní kí n má lọ rí jákujàku láàárín àwọn ọmọ olówó. Mo máa ń wọ kóòtù yẹn nínú ọkọ̀ títí dé Ṣàngó, kí àwọn èrò ọkọ̀ lè máa wò mí. Òmùgọ̀ ni mí, kí n má tan ara mi.

Ìyàwó wa bí ọmọkùnrin kan. Oṣù márùn-ún kọjá, ọrùn ọmọ kò dúró. Ó pé ọdún kan, kò lè jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ń ká kò, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní iṣan inú ọpọlọ ni, wọn ò mọ ohun tó fà á. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyá mi gbààwẹ̀ títí ó fi rù. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ gé nínú ẹbí, pe ìpàdé sílé rẹ̀ ní Alápòtì. Ó ní kí a mọ ibi tí àrùn náà ti wá. Bó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ni, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀, kí bùrọ̀dá mi fẹ́ ẹlòmíràn.

Láti láàbù ni mo gba ibẹ̀ lọ, tèmi ti kóòtù mi. Ìyàwó wa jókòó sórí ẹní, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ là, ó rò pé ẹni tó máa gbèjà òun ti dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní kí akọ̀wé sọ ohun tí ìwé wí, mo bá dìde. Mo sọ̀rọ̀ ẹyin, mo sọ ti okùn iṣan, mo sọ ti ohun tí ìyá ń kó sílẹ̀ de ọmọ. Inú mi ń dùn pé àgbàlagbà ń gbọ́ mi. Wọ́n bi mí pé ṣé ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ pé aràn ni mo ń wí, kì í ṣe èèyàn, àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé aràn ni mo ń wò láti àárọ̀ dalẹ́.

"Ọ̀dọ̀ ìyá ni," mo dáhùn.

Ìyàwó wa kò sunkún. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó fi ọ̀já kejì gbá ọrùn rẹ̀ mú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún olùkọ́ mi, bí ẹni tó ń retí ìyìn, ó gbé ojú kúrò lórí maikirosikópù.

"Ṣé o sọ fún wọn pé aràn yìí kì í ní ọkọ?"

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí: ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ń dá lóyún, ìyá náà ni bàbá. Olùkọ́ mi ní ti èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé ó lè ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ó lè ti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ó sì lè jẹ́ ìnira ìgbà ìrọbí lásán. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ọmọ kó mọ̀.

Mo lọ bá ìyàwó wa nílé bàbá rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo ṣì í sọ. Ó ń fi ṣíbí fún ọmọ lógì, díẹ̀díẹ̀, kó má baà há a lọ́fun.

"Dókítà mi, níwájú gbogbo wọn lo ti sọ ọ́," ó ní. "Ṣé níwájú èmi nìkan lo máa ti kó o jẹ?"

Mo ṣèlérí fún un. Àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n bàbá wa ń bà mí. Mo ní kí n ṣe ìdánwò tán, mo ní kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ ná. Ìgbà tí mo fi máa dé Alápòtì, ìyàwó tuntun tí wọ́n ti fẹ́ fún bùrọ̀dá mi níbẹ̀ ló gbé omi fún mi. Mo sọ fún wọn ṣáá pé aràn ni mo ń wí, kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní oúnjẹ tí ìyàwó àkọ́kọ́ ti fún mi jẹ ló ń ṣiṣẹ́ lára mi. Bùrọ̀dá mi ń wo ilẹ̀. Ọmọ náà kú kí òjò ọdún yẹn tó dá. Nínú ẹbí wa, èmi nìkan ló débi ìsìnkú, mo sì dúró lókèèrè.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí. Lọ́dọọdún, kí n tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fojú kan maikirosikópù, mo máa ń sọ fún wọn pé aràn yìí kò ní bàbá, wọn á sì rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ náà ṣì ń ránṣọ ní Ṣàngó. Bí mo bá ń kọjá, ó máa ń kí mi dáadáa, á béèrè iṣẹ́, á béèrè ilé. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí gan-an ló fi ń pè mí.