Àǹtí Mi àti Omi Aró

Àbúrò ìyá mi kì í mu omi láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Adéwọlé, ní Ìlọrin. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe aṣọ ló ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń da omi aró sódò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń pọn mu. Ẹ̀rù odò yẹn kì í jẹ́ kó sùn dáadáa.

Ó gbin olú sára igi jíjẹrà lẹ́yìnkùlé wa. Ó ní èròjà kan wà lára olú, ẹ́ńsáìmù, tó ń jẹ igi, àti pé ó lè jẹ aró náà.

Lọ́jọ́ kan, ó da omi tó fún lára olú náà sínú garawa omi aró. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, omi náà ti mọ́ kedere. Inú máníjà rẹ̀ tó wá wò ó dùn.

“Àlùbáríkà. Ẹ jẹ́ ká máa dà á sódò.”

“Ẹ ní sùúrù, sà. Àwọ̀ ló lọ, a ò mọ ohun tó kù.”

Àǹtí mi kó ẹja kéékèèké sínú omi náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti kú.

Àǹtí mi gba etí odò lọ, ó ń bẹ àwọn tó ń pọnmi pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Ìyá àgbà kan ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń da nǹkan sí i?”

“Àwa ni, mà. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn.”

Màmá náà da omi rẹ̀ nù. “Èyí tá a ti ń mu bọ̀ látọjọ́ yìí ńkọ́?”