Òjò Tó Pa Wá, Ìjọba Ló Ni Ín?

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìwéré-Ilé, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ri agolo kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì àgíríkì, wọ́n fi ń wọn òjò. Bí òjò bá ti rọ̀, Adéọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, á wọn omi inú rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Àwa àgbẹ̀ ńkọ́? A ò gbọ́ nǹkan kan!

Lọ́dún kan, òjò àkọ́rọ̀ yá. Ọ̀dá ti jẹ wá níyà lọ́dún tó ṣáájú, irúgbìn àgbàdo tó kù nílé mi kò sì lè tó gbìn lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá gbìn ín, tí òjò sá lọ, kí ni ìyàwó àtọmọ ó jẹ?

Mo bá tọ Adéọlá lọ. Mo ní kó bá mi wò ó: lọ́dún tí àkọ́rọ̀ bá yá báyìí, ṣé òjò máa ń dúró?

Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Sùlé, nǹkan ìjọba ni. Wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́.”

“Há! Òjò tó pa èmi àtewúrẹ́ mi, òun náà ti di àṣírí ìjọba?”

Gbogbo àwọn tó wà ní ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Adéọlá pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ.

Ọlọ́run ṣe é, ọ̀gá rẹ̀ ti Ìbàdàn wá bẹ ọ́fíìsì wò lọ́jọ́ ọjà. Mo kí i dáadáa, mo sì bi í ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀gá yíjú sí Adéọlá, ó ní ta ló ní kó fi òjò pamọ́ fún àgbẹ̀. Adéọlá ronú, ronú, kò rántí ẹnì kankan! Kò sẹ́ni tó ní kó má sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́ náà.

Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, pátákó ti wà níta, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ òjò àwọn ọdún tó kọjá sí i. Adéọlá kà á fún wa létí ọjà. Bí àkọ́rọ̀ bá ti yá, òjò sábà máa ń sinmi kó tó padà. Mo bá dá irúgbìn mi padà sórí àjà.

Tìjání ọ̀rẹ́ mi ní òun ò lè máa wo pátákó dáko. Ó gbin tirẹ̀. Òjò lọ lóòótọ́! Àgbàdo Tìjání hù, ó sì gbẹ. Nígbà tí òjò padà dé, mo gbin tèmi, mo sì bù nínú irúgbìn náà fún un. Ó gbà á tán, ó ní kí n má wulẹ̀ máa yangàn. Lọ́dún náà, àwọn ọmọ jẹ àgbàdo sísun títí ó fi sú wọn!

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ohun tí ìjọba bá kọ sílẹ̀ nípa wa, kó máa padà sọ́dọ̀ wa. Àwa náà, ká máa béèrè. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tá a rò pé wọ́n tì, wọ́n kàn pa á dé lásán ni.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni wọ́n ń kọ nípa àdúgbò yín tí ẹ ò tíì béèrè? Ẹ sọ tiyín, mo gbé etí sílẹ̀.