Haleemah Fẹ́ Dá Àtẹ̀jíṣẹ́ Rẹ̀ Kà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní agboolé wọn ní Òwu, Yéwándé gbé fóònù Haleemah sókè, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ inú rẹ̀ sétí gbogbo ilé: "Láti ọjọ́ tí mo ti rí yín, oorun ò kùn mí mọ́."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Haleemah, opó ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tó ń rán fìlà jẹun, dorí kodò sídìí máṣíìnì rẹ̀. Láwàlì ará Owódé, tó ń wá ìfẹ́ rẹ̀, ló kọ ọ́. Ariwo sọ́míìlì tó ti ń la pákó ti ba etí ọkùnrin náà jẹ́, kì í gbọ́ ìpè dáadáa, ló ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Haleemah ò sì mọ̀wé, àfi kéú díẹ̀ tó kọ́ ní kékeré. Yéwándé, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé, ló ń bá a kà á, òun náà ló ń bá a fèsì. Kó tó dọ̀sán, ẹni tó ń lọ ata lójú pópó ti ń bi í pé ìgbà wo ni yìgì.

"Ẹni tí ò lè ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀," ni Haleemah sọ lọ́kàn ara rẹ̀, "kò lè ní àṣírí kankan láyé."

Ó ra ìwé ABD lọ́jà Kútọ̀. Kò wá olùkọ́. Ó ń fi abẹ́rẹ́ rán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sára àgékù aṣọ, ó ń fọwọ́ tọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Kéú ló kọ́kọ́ dà á láàmú: apá ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, "ilé" wá ń di "éli" lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ó ti ń ka pátákó ṣọ́ọ̀bù àti páálí ọṣẹ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, fóònù dún. Yéwándé nawọ́.

"Ìyálé mi, ẹ mú un wá."

"Fi í sílẹ̀. Mo ti kà á."

"Ẹ ti kà á? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n kí mi."

"Ìkíni ló ń pa yín lẹ́rìn-ín báyẹn?"

Haleemah mú fóònù rẹ̀ dání. Ó gbé àga lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń fi àtàǹpàkò wá lẹ́tà kiri. Ó tó wákàtí kan kó tó rán èsì: "E wa ki mi lola. Mo fe ba yin soro."

Láwàlì wá. "Èsì tàná yàtọ̀," ó ní. "Gbogbo ìgbà lẹ máa ń dá mi lóhùn pé 'Ẹ ṣé, sà.' Mo ti fẹ́ jáwọ́."

Haleemah wo Yéwándé, tó tún ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó sún mọ́ etí Láwàlì. "Ẹnìkan ló ń bá mi bọ̀wọ̀ fún yín. Láti òní lọ, èmi gan-an lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n so yìgì. Haleemah ò fi Òwu sílẹ̀ pátápátá: ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ní Owódé, mẹ́ta nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín méjèèjì, fóònù kì í sinmi.