Omi Tútù fún Fláwà Dádì

Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ Débọ́lá ń lọ sí Ìbàdàn, torí Yíwọlá ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n sọ ò ju gbólóhùn kan lọ. Ti fláwà ni wọn ò sọ tán.

"Oòrùn ò gbọdọ̀ kàn án. Fáànù ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i. Láràárọ̀, omi tútù, ìdajì ife. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Omi tútù o!"

Ẹ jẹ́ n sọ irú fláwà tó jẹ́ fún yín ná. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó nílà funfun lójú bí ẹni tó kọlà, abẹ́ ẹ̀ wá pọ́n bí obì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ká gbogbo ewé sókè bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Dádì, ọkọ Màmá, ló gbé e wálé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ l'Ápápá. Dádì ti kú ní 2003, fláwà ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn nínú pálọ̀, ní 4th Avenue ní Festac níbẹ̀. Màmá a máa kí i láàárọ̀ kí wọ́n tó kí èèyàn.

Débọ́lá sì mọ ohun tí Màmá ń sọ nípa òun. "Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Festac yìí, wọn ò mọ nǹkan tọ́jú." Ẹ̀wà tó jóná lẹ́ẹ̀mẹta ló fa ìyẹn. Ó wá búra pé fláwà yìí ò ní jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Láràárọ̀, kó tó fún Jesse ọmọ ẹ̀ lóúnjẹ, á ṣí fíríìjì, á mú ìgò tó so okùn pupa mọ́ lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Omi inú ẹ̀ tutù débi pé ife á máa làágùn. Jesse á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Dúró ná, ọmọ mi, jẹ́ kí bàbá àgbà mumi."

Nígbà tí NEPA wá múná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó pọn Jesse, ó sáré lọ sọ́dọ̀ Toyibat tó ń ta yìnyín ní Close kejì.

"Kí lo fẹ́ fi yìnyín ṣe láàárọ̀ kùtù báyìí?"

"Fláwà ìyá ọkọ mi ni."

Toyibat pariwo ẹ̀rín. "Kò ní mu mínírà tì í ni?"

Ọ̀sẹ̀ kejì, ṣóńṣó ewé kan pọ́n bí ẹni pé iná rà á. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé mẹ́ta ká, ilẹ̀ mọ́, wọn ò ṣí mọ́. Ewé mọ́kànlá di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mẹ́fà. Débọ́lá ò lè gbá pálọ̀ kó má kà wọ́n.

"Ewé ni, ewé a máa gbẹ," Gbádébọ̀ ọkọ ẹ̀ wí.

"Ṣé ìwọ ni ìyá ẹ máa bi ni?"

Sunday Sunday ni Màmá ń pè. "Ṣé ó ń mu omi tútù ẹ̀?"

"Ó ń mu ún, mà. Tútù nini."

"Káre, ọmọ dáadáa."

Káre! Láti ìgbà tó ti wọlé wọn, kò gbọ́ ọ rí. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ronú pé òǹgbẹ ló ń gbẹ fláwà, ló bá sọ ìdajì ife di odindi, ó tún ń to yìnyín wẹ́wẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Màmá dé, ewé mẹ́rin ló kù. Ó gbé fláwà sínú báàfù, ó gbé e lọ bá Bàbá Ògúnjìnmí tó ń ta òdòdó létí títì lọ́nà Àmúwò. Bàbá ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kíá.

"Kí lo tọ́jú síbí? Ẹja ni?"

"Omi tútù ni, Bàbá. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n máa fún un."

"Níbo ni wọ́n ti wá?"

"Ẹ̀fọ̀n Aláayè."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Omi tútù tàwọn àgbà ibẹ̀, omi tí wọn ò gbé kaná ni. Ta ló sọ ti fíríìjì fún ẹ?"



Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí ojú wọn ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Ewé mọ́kànlá ni mo fi sílẹ̀."

Débọ́lá kúnlẹ̀ gbì, ìgò olókùn pupa lọ́wọ́ ẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, títí kan yìnyín Toyibat. Màmá gba ìgò, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà tí Débọ́lá gbójú sókè, ikùn Màmá ló rí tó ń mì.

"Dádì yín," wọ́n ní, "lọ́dún tí wọ́n gbé e dé, tíì tí wọ́n bá mu kù ni wọ́n ń dà sí i. Tíì gbígbóná! Ewé méjì péré ló ṣẹ́kù." Wọ́n fi etí ìró nujú. Débọ́lá ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

"Dìde. Bu omi dúrọ́ọ̀mù wá nínú abọ́. Kó o tó wẹ Jesse, kí lo fi ń wo omi?"

"Ìgbọ̀nwọ́, mà."

"Ó dáa, fi wò ó."

Débọ́lá ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́. Kò gbóná, kò sì tutù jù.

"Òun nìyẹn," Màmá wí. Wọ́n yẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí fláwà. "Fún un."