Gìtá Jàpáànù tí A Rà fún Ìkórè

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n ń rán lọ pọn omi láàárọ̀ kùtù, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ni mo ti kọ́ gìtá ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí. Káfíńtà ni. Gìtá onígi kan wà lára ògiri ilé rẹ̀. Tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tó wẹ̀, tó jẹun tán, yóò gbé e sọ̀kalẹ̀, yóò pè mí, yóò sì máa fi ìka mi lé okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní parọ́ fún yín, ìka a máa ro mí gógó. Ṣùgbọ́n n kò fi í sílẹ̀, nítorí ó ti dá mi lójú pé ohun tí mo máa mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Nígbà tí mo di ọ̀dọ́bìnrin, ọmọkùnrin tó ń ta gìtá ní ìjọ Aládùúrà wa kó lọ sí Èkó. Olórí akọrin wa, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ girama tó gbọ́ orin yékéyéké, sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé èmi ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ariwo ta. Wọ́n ní àwọn kò rí obìnrin tó gbé gìtá kọ́rùn rí. Bàbá Ìjọ gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kó ta á fún wa lọ́jọ́ ìkórè. Bó bá mọ̀ ọ́n, a óò gbọ́. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, a óò gbọ́ náà."

Gìtá tí ìjọ ní ti gbó, híhó ló kù tó ń hó. Wọ́n wá pinnu pé kí a ra tuntun tó ń lo iná mànàmáná, ṣùgbọ́n wọ́n pàṣẹ pé ti Amẹ́ríkà ni kí a rà o. Láyé ìgbà yẹn, bí ènìyàn bá ra rédíò tàbí aago, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé, "Ilẹ̀ ibo ló ti wá?" Tó bá ti lè ní Jàpáànù, wọn yóò yínmú sí i.

Èmi àti Tíṣà wọkọ̀, ó di Èkó. Ọkùnrin tó ń ta ohun èlò orin gbé gìtá méjì ka iwájú wa. Ti Amẹ́ríkà pupa, ó ń dán gbinrin. Ti Jàpáànù dúdú, kò ní ẹwà kankan tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Mo kọ́kọ́ gbé ti Amẹ́ríkà. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, bóyá oòrùn ló pa á, èmi ò mọ̀. Bí mo bá tún ohùn rẹ̀ ṣe, kí n ta á díẹ̀, á tún ti yẹ̀. Mo wá gbé ti Jàpáànù. Ọrùn rẹ̀ gún, okùn rẹ̀ kò le lọ́wọ́, ibi tí mo bá sì fi ohùn rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ń dúró.

Mo ní, "Tíṣà, dúdú yìí ni."

Tíṣà yí i padà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, ó mirí. "Ṣé o mọ ohun tí ojú wa máa rí lọ́wọ́ àwọn bàbá yẹn?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sógiri, kí n ta méjèèjì fún yín."

Ó kọjú sógiri lóòótọ́, àgbàlagbà ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Mo ta orin kan náà lórí méjèèjì. Nígbà tó yíjú padà, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Èkejì ni. Má sọ fún mi pé dúdú ni o."

"Dúdú ni, sà."

Bí a ṣe gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú gbogbo ìjọ, bàbá kan nínú àwọn àgbà ìjọ yí i padà, ó kígbe, "Jàpáànù! Ẹ dé Èkó, ohun ìṣeré ọmọdé lẹ rà bọ̀!" Kí Tíṣà tó dáhùn, màmá mi ti dìde. Gàrí ló ń dín tà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn ará Ìbàdàn tó ń wá ra gàrí lọ́wọ́ mi, ti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń béèrè. Síbẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò kí wọ́n tó rà á, torí gàrí tí kò kan wà ní Ìjẹ̀bú yìí náà. Ẹ tọ́ tiyín wò."

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Ìjọ ní ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ ìkórè.

Lọ́jọ́ náà, mo wọ sùtánà funfun, mo dúró láìwọ bàtà, mo sì gbé gìtá dúdú kọ́rùn. A kọ orin tiwa dáadáa. Àfi bí àwọn àlejò wa láti Màkún-Omi ṣe dá orin kan sílẹ̀ tí a kò kọ́ rí, ohùn wọn sì ga ju tiwa lọ. Gbogbo akọrin wa dákẹ́. Mo rí i tí àwọn àgbà ń wò mí. Mo tẹ́tí, mo wá ohùn wọn lórí okùn, mo rí i, mo sì gbá a mú. Gìtá náà kò yẹ̀. Bí ìlù ṣe wọlé tẹ̀ lé mi, gbogbo ilé dìde. Bàbá tó pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé ló kọ́kọ́ jó bọ́ síwájú. Láti ọjọ́ yẹn, títí mo fi di ìyá àgbà, ẹnikẹ́ni kò tún bi mí pé ta ló fún mi ní gìtá ta.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Orí fóònù lẹ ti ń ra gìtá báyìí. Ẹ ó rí àwòrán, ẹ ó kà á pé ti Ṣáínà ni, ti Indonéṣíà ni, ẹ ó sì máa jiyàn lórí ìlú tí ẹ kò dé rí. Ọmọbìnrin tó sì ń ta gìtá kì í ṣe ìròyìn mọ́, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n etí àti ọwọ́ ló ń mọ gìtá, kì í ṣe ojú.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè mú ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Òrù. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gìtá kan, ó sì fẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Mo gbé e lé itan. Ohùn rẹ̀ mọ́, ọrùn rẹ̀ ló nípọn jù. Mo ní kó lọ fá a sí i.

Ó ní, "Màmá, tí mo bá fá a tán, ṣé mo lè kọ orúkọ ìlú wa sí i lẹ́yìn?"

Mo ní, "Kọ ọ́ gàdàgbà."