Irun Ológbò Lára Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì

Afínjú ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ náà, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń pọ́n ọn lé nìkan. Ọkùnrin tó lè dá aṣọ padà sínú omi nítorí àbàwọ́n tí ẹni tó ni aṣọ kò tilẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ìmọ́tótó. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: tábìlì gígùn kan, áyọ́ọ̀nù méjì, okùn mẹ́rin tó ta láti ògiri dé ògiri, àti àpótí òwú tó ní àwọ̀ mọ́kànlá. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀ tí Afínjú máa ń fi òwú rán sábẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ, níbi tí ojú kì í dé. Ẹ da ọgọ́rùn-ún aṣọ funfun pọ̀ sójú kan fún un, yóò kàn ṣí ìṣẹ́tí wò ni, yóò sì sọ fún yín pé ti tíṣà nìyí, ti nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Àmì tó kọ́kọ́ rán láyé rẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin: òwú búlúù, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tò léra, ìkẹrin dábùú wọn. Ẹ̀gbọ́n yìí fúnra rẹ̀ ló yan àwọ̀ náà nígbà tí Afínjú ṣì ń kọ́ṣẹ́. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, òun ló sì fà á lọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wà láyé tí Afínjú lè fẹ̀yìn tì kí ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n náà ni. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀ ná.

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ni orúkọ ológbò tó sọnù, bẹ́ẹ̀ ló sì sanra bí ìrọ̀rí. Ìyàwó Afínjú ló sọ ọ́ lórúkọ nígbà tó gbé e wálé nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, tí gbogbo rẹ̀ kò ju ìbọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó náà ti kú. Wọn kò bímọ. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nílé, ológbò yìí nìkan ló mọ ohùn obìnrin náà, tó mọ bó ṣe máa ń pòṣé tó bá ń wá abẹ́rẹ́. Irun rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun, ilẹ̀kùn sì ti ká èékánná kan kúrò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ibikíbi tó bá ti ha nǹkan, ìlà mẹ́ta péré lẹ ó rí. Ní àràárọ̀ tí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná, yóò fò gun orí aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ tán.

"Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, aláìlójútì!" Afínjú á pariwo mọ́ ọn. Ológbò á di ojú. Afínjú á dúró títí yóò fi sùn tẹ́rùn, yóò wá tún aṣọ lọ̀. Ẹni tí kì í gbójú fo àbàwọ́n o!

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí, ó sì lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Afínjú yíjú, kò rí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ mọ́. Ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo orí àjà, ó wo inú gbogbo apẹ̀rẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Lọ́jọ́ kejì ó kọ ìwé pé ológbò òun sọnù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń ta oògùn, ó sì lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n káwọ́ lérí. "Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kẹ̀? Ológbò ìyàwó rẹ? Áà, a ò ní gbà! Dúró kí n mú bàtà mi."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń wá a. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀gbọ́n yìí wá ológbò ju olólógbò lọ. Òun ló ń ké jù: "Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ o! Ọmọ dáadáa, jáde wá!" Òun ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú gọ́tà ẹ̀yìn ilé àwọn kápẹ́ńtà, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Ní ọjọ́ kẹfà ó jókòó lórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún, Afínjú ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń ro wọ́n, wọ́n á gba ilé ẹ̀gbọ́n lọ, ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní ìparí òpópónà, ẹ̀gbọ́n á bu oúnjẹ fún un, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ ìyá wọn. Rédíò ilé náà máa ń pariwo bí ẹni pé ọjà ni wọ́n wà. Afínjú rò pé etí ẹ̀gbọ́n òun ti ń di. Ilẹ̀kùn yàrá wà ní títì, àmọ́ kí ni tirẹ̀ níbẹ̀? Àbúrò ọkùnrin wo ló ń yọjú sí yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin?

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kọjá bẹ́ẹ̀. Ológbò kúrò nílé, ilé dilé èkúté: wọ́n jẹ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà, Afínjú fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ bínú. Kò ní ìbínú kankan nínú mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí ológbò yẹn bá kú síta, ìyàwó òun á kú lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní sí ẹni tí wọn yóò jọ rántí rẹ̀.

Alágbàfọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, nítorí pé àárọ̀ lẹ ó gbé aṣọ fún un, ìrọ̀lẹ́ ló ti ṣe tán, ìdọ̀tí rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Áyọ́ọ̀nù Kíákíá jó ní ọjọ́ Ẹtì kan, ló bá ru ẹrù kan wá bá Afínjú.

"Ọ̀gá mi, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi ṣe ìwọ̀nyí, iṣẹ́ ti bò mí mọ́lẹ̀."

Àwọn alágbàfọ̀ máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Afínjú gba ẹrù, ó tú u, ó ń ṣa funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀. Ó dé orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan tó ní òdòdó wínníwínní, ó ṣí ìṣẹ́tí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Òwú búlúù. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìkẹrin dábùú wọn.

Ó jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ń kó aṣọ fún ẹlòmíràn? Fún Kíákíá? Ọ̀rọ̀ náà ká a lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe, ṣé sítáàṣì ló pọ̀ jù ni, àbí òun sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn ún. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde láti lọ tọrọ àforíjì, ẹ gbọ́ mi o, àforíjì! Ó kàn gbọn aṣọ náà láti wo àbàwọ́n rẹ̀ ni irun fò sókè nínú ìtànṣán ojú fèrèsé. Irun pupa rúsúrúsú. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì. Níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, irun yí po róbótó bí àwo ìjẹun, ibi tí ẹranko kan ti ń sùn lálaalẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èékánná ti fa òwú aṣọ yọ. Ìlà mẹ́ta. Ìlà mẹ́ta. Ìlà mẹ́ta.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Afínjú ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, kò mọ̀ pé ojú òun ni wọ́n ń wò sọ ọ́.

Ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó fọ aṣọ náà. Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó ká a ní ìgun mẹ́rin. Ìgbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé e lé apá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ dání, ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ.

"Àǹtí mi, ẹ kúulé."

"Àbúrò mi, káàbọ̀. Ṣé wọ́n ti gbúròó ẹ̀ níbì kan ni?"

Ó gbé aṣọ lé e lẹ́sẹ̀. "Aṣọ yín rèé. Ó wà nínú ẹrù tí Kíákíá gbé wá bá mi."

Ẹ̀gbọ́n wo aṣọ, kò fọwọ́ kàn án. Afínjú lọ síbi rédíò, ó pa á. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí ariwo yẹn ti ń bò fún ọjọ́ méjìdínlógún wá jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá: "Ńyáù."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀gbọ́n ṣí i. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ jáde, ó tún ti sanra sí i. Afínjú kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ológbò gbóòórùn ìka rẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn àlejò, ó yí padà, ó sì lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Afínjú ṣì na ọwọ́ síbẹ̀.

"Mo fẹ́ dá a padà ní ọjọ́ kejì," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ọlọ́run ń gbọ́ mi."

"Kí ló wá dé?"

"O wá síbí ní ọjọ́ kejì. O tún wá ní ọjọ́ kẹta. Látìgbà tí ìyàwó rẹ ti kú, ẹ̀ẹ̀melòó lo jókòó lórí àga yẹn? Èmi ni mò ń wá kó aṣọ lọ́dọ̀ rẹ, o ò ní gbójú sókè, wàá kàn nàka sí i. Ológbò lò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kí n mú un sọ́dọ̀ fún ọjọ́ kan péré, kí n wo ohun tó ní tí èmi ò ní. Ìgbà tó wá di pé ò ń wá lójoojúmọ́, tí ò ń jẹun níwájú mi... àbúrò mi, mi ò lè ṣe é."

"Ẹ bá mi wá a, Àǹtí mi. Ẹ wo inú gọ́tà. Ẹ tún sunkún."

"Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́."

"Èwo wá ni irọ́ níbẹ̀?"

Afínjú yọ abẹ tó fi ń tú òwú nínú àpò, ó ṣí ìṣẹ́tí aṣọ náà, ó gé òwú búlúù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì kó o lé orí tábìlì.

"Ẹ wá alágbàfọ̀ míì," ó ní. "Ẹ kúkú ti rí i."

Ó gbé ológbò sínú apẹ̀rẹ̀. Ológbò jà, ó ha á ní ọwọ́, ìlà mẹ́ta gbọọrọ. Bí wọ́n ṣe délé nìyẹn.

Àbí ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kò gun orí aṣọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, tó kọjú sí ọ̀nà ìparí òpópónà. Kò kùn hùn-ùn bó ṣe máa ń kùn tí inú rẹ̀ bá dùn, kò kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Afínjú gbìyànjú láti pòṣé bí ìyàwó rẹ̀, ológbò wò ó, ó sì yíjú padà sí ìta. Ilé tó rò pé òun ń gbà padà ti tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Kíákíá tún gbé ẹrù kékeré kan wá. "Ìyá kan ní ìparí òpópónà ni. Ó ní ẹ̀yin ni kí n gbé e fún, pé òun ò fẹ́ kí èmi fọ̀ ọ́. Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́ o."

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì olódòdó ọjọ́sí ni, wọn kò tíì fọ̀ ọ́. Wọ́n ti rán àmì sábẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìkẹrin dábùú wọn. Òwú pupa ni, ó wọ́, ó rí kátikàti, iṣẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran sójú abẹ́rẹ́ mọ́. Afínjú wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ya bébà, ó kọ nọ́ńbà sí i, bó ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà tí kò mọ̀ rí, ó fi píìnì gún un mọ́ aṣọ náà. Ó jáde lọ pọn omi.

Ìgbà tó padà wọlé, kò bá ológbò ní ẹnu ọ̀nà mọ́. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ti wà lórí aṣọ ẹ̀gbọ́n, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀ ẹ́, ó ń fa òwú rẹ̀ yọ, ó sì ń kùn hùn-ùn tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ.

"Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, aláìlójútì," ni Afínjú wí. Ológbò kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.